Mo ń wá ìwé ẹjọ́ DUI (ọtí mímu wakọ̀) mi ti ọdún 2014 ní káúntì ìgbèríko kan ní Georgia, ta ló mọ̀nà?

Ọmọ Mọ́líété
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni, ṣùgbọ́n mo ti fi òru mẹ́ta tú íntánẹ́ẹ̀tì, mi ò rí nǹkan kan, ni mo ṣe ní kí n bi àwọn tó ti rin ọ̀nà yìí rí.

Ọdún 2014 ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Atlanta nígbà náà. Mo lọ síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi kan ní ìsàlẹ̀ gúúsù Georgia, ní káúntì kékeré kan tí oko ẹ̀pà pọ̀ ju ilé lọ. Mo mutí, mo tún jókòó sídìí ọkọ̀. Ní nǹkan bí aago kan òru, iná búlúù tàn lẹ́yìn mi. Wọ́n ní kí n fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu ẹ̀rọ, ó gbé 0.10, bẹ́ẹ̀ 0.08 ni òdiwọ̀n ọtí tí òfin fi sí i. Mo sun àtìmọ́lé mọ́jú, bọ̀ọ̀dá mi wá gba béèlì mi. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ mo padà lọ síwájú adájọ́, mo sanwó ìtanràn, mo ṣe iṣẹ́ ìlú fún wákàtí 40, mo lọ sí kíláàsì tí wọ́n ní kí n lọ, mo lo probation (àkókò tí kóòtù fi ń ṣọ́ èèyàn) oṣù 12, ó parí. Láti ọjọ́ náà, bí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ bá wà lápò mi, ọtí ò kan ẹnu mi mọ́.

Ní báyìí mo fẹ́ fi fọ́ọ̀mù N-400 sílẹ̀ kí n di ọmọ onílùú. Lọ́yà ní kí n mú ìwé kóòtù tó ní òǹtẹ̀ wá. Mo wo ojú ìwé káúntì náà lórí ayélujára, àwòrán ilé ẹjọ́ àti nọ́ńbà fóònù nìkan ló wà níbẹ̀. Mo pe kíláàkì kóòtù, obìnrin kan ní àwọn ò ní ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ti sọnù nígbà tí mo kó kúrò nílé àkọ́kọ́. Ṣé ó ti pa rẹ́ nìyẹn? Ṣé kí n kàn kọ "Rárá" síbi tí wọ́n ti bi mí bóyá wọ́n mú mi rí?

Dẹ́rẹ́bà Ọ̀nà Jíjìn
Àbúrò, má kọ "Rárá" o! Wọ́n tẹ ìka rẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àbí wọn ò tẹ̀ ẹ́? Ìka náà ti wà lọ́dọ̀ FBI. Ọ̀dọ̀ wọn ni ìmígréṣọ̀n ti máa wò ọ́. DUI kan tó ti pẹ́, wọ́n lè gbójú fò ó. Irọ́ lórí fọ́ọ̀mù ni wọn kì í gbójú fò.

Bí o bá fẹ́ rí ohun tí àwọn náà ń rí, béèrè Identity History Summary tìrẹ lọ́wọ́ FBI, dọ́là 18 ni. Orúkọ iléeṣẹ́ tó mú ọ máa wà níbẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ibi tí ẹjọ́ parí sí kì í sábà wà lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, lọ sí Department of Driver Services, DDS tí gbogbo wa mọ̀, àwọn tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ní Georgia, kí o béèrè ìwé ìwakọ̀ rẹ. Èyí ọdún 3 tí wọ́n ń tà ní dọ́là 6 àti ti ọdún 7 tí wọ́n ń tà ní dọ́là 8 ò ní í kan 2014 mọ́. Èyí tó kó gbogbo ìgbà ayé láísẹ́ǹsì rẹ pọ̀ ni kí o béèrè. Ọjọ́ tí wọ́n dá ọ lẹ́bi àti kóòtù tó fi ránṣẹ́ máa hàn níbẹ̀. Bí èmi ṣe rí tèmi nìyẹn nígbà tí iléeṣẹ́ trélà ní kí n ṣàlàyé ara mi. (Fún ẹ̀yin tó ń wa ọkọ̀ ńlá: bí a bá wà nídìí ọkọ̀ ńlá, 0.04 ni òdiwọ̀n ọtí tiwa, kì í ṣe 0.08. Kódà kó jẹ́ kámúrí ilé lo fi mutí wà, bí wọ́n bá dá ọ lẹ́bi, CDL rẹ, láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ńlá, máa sùn fún odidi ọdún kan.)

Ará Houston
County Clerk ni kí o pè fún misdemeanor (ẹ̀ṣẹ̀ kékeré), District Clerk fún felony (ẹ̀ṣẹ̀ ńlá). DUI àkọ́kọ́, County Clerk. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kíláàkì Tẹ́lẹ̀
Ará Houston, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ti Texas lẹ sọ yẹn, DWI ni wọ́n sì ń pè é lọ́dọ̀ yín. Georgia ò rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti dojú rú fún Ọmọ Mọ́líété.

Mo ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́fà ní ọ́fíìsì kóòtù ní káúntì kan níbí, ẹ má bi mí èwo. Káúntì 159 ló wà ní Georgia, Texas nìkan ló ju wá lọ. Òmíràn wà tí gbogbo èrò inú rẹ̀ ò kún pápá ìṣeré kan. Síbẹ̀ kóòtù wọn kì í ṣe ẹyọ kan. Lábẹ́ òrùlé kan náà lẹ ti máa bá Superior Court, Probate Court àti Magistrate Court. Níbòmíràn State Court tún wà, ìlú kékeré tó wà nínú káúntì náà sì lè ní Municipal Court tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì méyọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kálukú ló ní kíláàkì àti kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Bí ẹ bá bi ẹni àkọ́kọ́, tó ní òun ò mọ orúkọ yìí, òótọ́ ló sọ. Ẹ̀ka tirẹ̀ nìkan ló wò. Kò ní dìde lọ wo yàrá kejì fún yín.

Ohun tí mo fẹ́ kí àbúrò yìí dáhùn nìyí: irú ọlọ́pàá wo ló mú ọ? Bó bá jẹ́ ọlọ́pàá ìlú, Municipal Court ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ iṣẹ́ ṣẹ́rífù tàbí State Patrol, ọlọ́pàá ojú títì ti ìpínlẹ̀, kóòtù káúntì ni. Káúntì tó bá ní State Court, ibẹ̀ ló máa wà. Èyí tí kò ní, tí ọ̀pọ̀ ìgbèríko jẹ́ bẹ́ẹ̀, Probate Court ló ń gbọ́ ọ. Ẹni tó bá gbọ́ "Probate" á rò pé ọ̀rọ̀ ogún òkú nìkan ni. Ogún wà níbẹ̀ lóòótọ́, ibẹ̀ náà la ti ń gba ìwé àṣẹ ìgbéyàwó àti ti ìbọn, ṣùgbọ́n adájọ́ kan náà ló ń jókòó ti ẹjọ́ ojú títì, DUI sì wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ kan wà tí tọkọtaya tó wá gbàwé ìgbéyàwó jókòó ti ọkùnrin kan tí ọtí àná ṣì ń rùn lára rẹ̀, ìlà kan náà ni wọ́n tò sí.

Ìdẹkùn kan tún wà o. Bí lọ́yà rẹ bá béèrè júrì nígbà náà, ẹjọ́ náà ti ṣí kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Municipal àti Probate kì í jókòó pẹ̀lú júrì. Láti Probate, Superior Court ló ń lọ. Láti Municipal, State Court ni tó bá wà, bí kò bá sí, Superior náà ni. Àwọn kan wà tí wọ́n rí tíkẹ́ẹ̀tì wọn ní Probate, tí wọ́n rí i pé "transferred" (a ti gbé e lọ sí kóòtù mìíràn) la kọ sí i, wọ́n rò pé a ti tú àwọn sílẹ̀.

Ọmọ Mọ́líété
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Ohun tí mo rántí jù ni fìlà rẹ̀: ó gbòòrò, etí rẹ̀ lọ yíká bíi ti àwọn tó ń ṣọ́ igbó. Ọkọ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù àti àwọ̀ eérú. Kò sí lọ́yà, mi ò béèrè júrì kankan, èmi nìkan ni mo dúró. "Clerk of Court" ni mo kà lójú ìwé káúntì, òun ni mo pè.

Kíláàkì Tẹ́lẹ̀
State Patrol nìyẹn, fìlà yẹn ti tú u fó. "Clerk of Court" tí o pè, kíláàkì Superior Court ni. Inú rẹ̀ ni felony máa ń wà, bíi DUI ẹlẹ́ẹ̀kẹrin láàárín ọdún mẹ́wàá, àti àwọn tó béèrè júrì. Tìrẹ ò sí níbẹ̀. Bi wọ́n bóyá káúntì náà ní State Court. Bí wọ́n bá ní rárá, pe Probate.

Bí o bá pè, má ní "I want my record". Èdè yẹn ò ní ìtumọ̀ fún wọn. Sọ pé o fẹ́ "certified copy of the final disposition", ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ tó sọ ibi tí ẹjọ́ parí sí, pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, àti ìwé tó fi hàn pé probation parí. Sọ ọjọ́ ìbí rẹ, oṣù tí wọ́n mú ọ àti ẹni tó mú ọ. Ní ọ́fíìsì wa, ohun tó bá ti lọ ṣáájú ìgbà tí a ra ẹ̀rọ tuntun, inú páálí ló wà ní yàrá ẹ̀yìn. Oṣù tí ẹjọ́ *parí* la fi tò ó, a ò fi orúkọ tò ó. Ẹni tó bá sọ oṣù fún mi, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tí kò bá mọ oṣù, mo ní láti ṣí páálí méjìlá, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé mi ò ní ṣí i lọ́jọ́ Ẹtì.

Má pè lọ́jọ́ ìjókòó kóòtù. Ẹni méjì péré ló máa ń wà nínú ọ́fíìsì irú ibẹ̀, ọ̀kan ti wọlé tọ adájọ́ lọ, ìkejì ń gbowó. Àárọ̀ ọjọ́ tí kò sí ẹjọ́ ló dára. Bi wọ́n ní iye owó kí o tó fi ránṣẹ́, kí o sì fi money order san án, ọ̀pọ̀ wọn kì í gba ṣẹ́ẹ̀kì èèyàn. Fi àpòòwé tó ní sítáǹpù àti àdírẹ́sì rẹ sínú rẹ̀. Bí o bá lè wakọ̀ lọ, lọ. Ẹni tó dúró níwájú káńtà, tó kí èèyàn "good morning" dáadáa, a kì í lè lé e.

Ìyá Ìbejì
Ẹ jẹ́ kí n fi ti orúkọ kún un, torí ohun tó ṣe bàbá Ìbejì nìyẹn. Ọmọ iṣẹ́ ṣẹ́rífù tó kọ orúkọ rẹ̀ lóru ò rí orúkọ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó gé e sí méjì. Ìdajì àkọ́kọ́ di orúkọ tirẹ̀, ìdajì kejì di orúkọ bàbá rẹ̀. Orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Olú" wá lọ jókòó sábẹ́ W. Ọdún méjì la fi ń wá a lábẹ́ O!

Torí náà, Ọmọ Mọ́líété, ní kí wọ́n fi ọjọ́ ìbí wá a. Bí kò bá jáde, ní kí wọ́n yí orúkọ padà, ti àárín síwájú, ti iwájú sẹ́yìn, kí wọ́n yọ H, kí wọ́n fi H sí i. Wo láísẹ́ǹsì àtijọ́ rẹ bí o bá ṣì ní in, ohun tó wà lórí rẹ̀ ni ọlọ́pàá dà kọ. Bí wọ́n bá wá a tán tí wọn ò rí i lóòótọ́, má fi ẹnu gbà á. Ní kí wọ́n kọ lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ pé àwọn wá orúkọ yìí àti ọjọ́ ìbí yìí, àwọn ò rí nǹkan. Ìmígréṣọ̀n ń gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀.

Lórí N-400 fúnra rẹ̀: ọdún márùn-ún tó kángun sí ọjọ́ tí o fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ ni wọ́n ń wò jù fún ìwà ọmọlúwàbí, ọdún mẹ́ta bó bá jẹ́ pé ìyàwó rẹ ni ọmọ onílùú tí o sì fi ọ̀nà yẹn wọlé. Ti 2014 ti jìnnà, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò ní òdiwọ̀n ọdún, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣẹlẹ̀ *rí*. Ohun tó ń dẹ́rù bà wọ́n ni DUI méjì. Ọdún 2019 ni Attorney General, olórí agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀, pinnu nínú ọ̀rọ̀ Castillo-Perez pé ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi DUI lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ láàárín àkókò yẹn, wọ́n máa kà á sí ẹni tí kò níwà rere àyàfi tó bá fi ẹ̀rí mìíràn hàn. Ẹyọ kan ò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́yà yín ló máa mọ ìyókù.

Alága Ìdúró
Ẹ dákun ẹ bá mi dá sí tèmi, ó fara pẹ́ ẹ. Ọmọ àbúrò mi fẹ́ fẹ́ ọkùnrin kan tó dàgbà ní ìgbèríko Georgia níbẹ̀. Nílé, a óò rán èèyàn lọ sí ìlú wọn, a óò bi aládùúgbò léèrè, ohun tí a bá fẹ́ gbọ́ la máa gbọ́. Níbí ta ni mo fẹ́ bi? Ẹnìkan ní ó lọ́tí lẹ́nu. Ṣé mo lè wá ẹjọ́ rẹ̀?

Kíláàkì Tẹ́lẹ̀
Màmá, ẹ lè wá a. Ìwé kóòtù ti gbogbo ayé ni ní Georgia, kò sí ẹni tó máa bi yín kí lẹ fẹ́ fi ṣe, àfi èyí tí òfin tàbí adájọ́ bá tì pa. Ẹ lọ fúnra yín, ẹ mú ọjọ́ ìbí rẹ̀ dání, torí orúkọ kan náà kì í ṣe èèyàn kan náà. Ohun tí ẹ ò lè gbà ni ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ DDS àfi tó bá fọwọ́ sí i fún yín, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1994 ló dáàbò bo ìyẹn. Àwọn ojú ìwé ayélujára tó ń gba dọ́là 29 lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n máa ń po baba pọ̀ mọ́ ọmọ, wọ́n á kọ pé wọ́n mú un, wọn ò ní kọ pé wọ́n dá a sílẹ̀.

Ọgbọ́n kékeré kan wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: ẹni tí DUI rẹ̀ bá di ẹlẹ́ẹ̀kejì láàárín ọdún díẹ̀ ní Georgia, òfin ní kí kíláàkì gbé fọ́tò rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn tí káúntì tí onítọ̀hún ń gbé fi ń ṣe ìkéde, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa sanwó rẹ̀, dọ́là 25. Ilé ìkàwé ìlú kékeré máa ń tọ́jú ìwé ìròyìn wọ̀nyẹn dáadáa. Mo ti rí ẹni tí mo mọ̀ níbẹ̀ rí, láàárín ìkéde ilẹ̀ títà àti ìkéde ogún.

Ìyá Ìbejì
Alága, kí ẹ tó wakọ̀ wákàtí mẹ́ta lọ sí ilé ìkàwé, ẹ kọ́kọ́ bi ọmọkùnrin náà. Bàbá Ìbejì fúnra rẹ̀ ló sọ tirẹ̀ fún bàbá mi kí ìdána tó wáyé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣe fún un níyàwó.

Olùtọ́jú Pápá
Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má kọ orúkọ èèyàn kankan síbí o, ti ọkọ ìyàwó, ti adájọ́, ti kíláàkì. Mo ti yọ ọ̀kan kúrò lókè.

Ẹlẹ́mu Tó Rónú Pìwàdà
Ìbéèrè tèmi kúrú. Kíláàkì sọ lórí fóònù pé ẹjọ́ mi wà ní "dead docket". Ó ti kú nìyẹn, àbí? Ṣé mo lè gbàgbé rẹ̀?

Kíláàkì Tẹ́lẹ̀
Kò kú, oorun ló ń sùn. Dead docket túmọ̀ sí pé wọ́n gbé e sápá kan, ẹnikẹ́ni ò tíì pa á rẹ́, wọ́n lè jí i dìde. Bí ìmígréṣọ̀n bá rí i, wọ́n á ní ẹjọ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ. Èyí tó ti kú gan-an, "nolle prosequi" (ìjọba ò bá ẹjọ́ náà lọ mọ́) tàbí "dismissed" (wọ́n ti da ẹjọ́ náà nù) ni wọ́n máa ń kọ sí i. Gba lọ́yà tó ń ṣiṣẹ́ ní káúntì yẹn, kì í ṣe ti Atlanta, kó bá ọ bá agbẹjọ́rò ìjọba ibẹ̀ sọ̀rọ̀.

Mo tún fẹ́ sọ èyí fún àwọn tó ń kà tí wọn ò dá sí i: bó bá jẹ́ pé ẹ ò padà lọ sí kóòtù nígbà náà, tí ẹ kàn kó lọ sí Maryland, ẹ má fi fóònù yín pe kíláàkì, ẹ má sì lọ dúró níwájú káńtà. Warrant, ìwé àṣẹ pé kí wọ́n mú yín, ti lè wà níbẹ̀. Ṣẹ́rífù àti kíláàkì jọ ń lo ilẹ̀kùn kan náà ní ọ̀pọ̀ ilé ẹjọ́ wọ̀nyẹn. Lọ́yà ni kí ẹ kọ́kọ́ rán lọ.

Dẹ́rẹ́bà Ọ̀nà Jíjìn
Kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ yín pé òun á "pa DUI rẹ́" fún yín. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 tó jẹ́ kí wọ́n lè fi àwọn ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké kan pamọ́ ní Georgia, ó yọ DUI sílẹ̀ gbangba. First Offender, ètò àánú fún ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀, náà ò kan DUI. Wọ́n ti gba dọ́là 600 lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan lórí rẹ̀.

Ọmọ Mọ́líété
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Káúntì náà kò ní State Court. Mo pe Probate ní àárọ̀ Ọjọ́rú, obìnrin kan tó ń fa ohùn bí ẹni ń kọrin ní kí n sọ oṣù. Mo sọ ọ́. Ó ní òun ò rí i. Mo ní kó wá ọjọ́ ìbí mi. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Honey, they got you under your middle name." Wọ́n tún ti jẹ lẹ́tà méjì nínú rẹ̀!

Mo wakọ̀ lọ fúnra mi. Ìwé mẹ́rin ni. Òǹtẹ̀ náà yọ gúnnugùnnu, bí mo bá fi àtàǹpàkò pa á, mo ń mọ̀ ọ́n lára. Ohun kan ló yà mí lẹ́nu: ní ibi tí wọ́n ti kọ ohun tí mo sọ níwájú adájọ́, "nolo contendere" ló wà níbẹ̀, kì í ṣe "guilty". Mi ò tiẹ̀ rántí. Ṣé ìyẹn túmọ̀ sí pé wọn ò dá mi lẹ́bi?

Ìyá Ìbejì
Rárá o. Nolo, ìwọ ò jà, ìwọ ò sì gbà, ṣùgbọ́n wọ́n fi ìyà jẹ ọ́ lórí rẹ̀. Lójú ìmígréṣọ̀n, ìdálẹ́bi ni. Bí wọ́n bá bi ọ́, "Bẹ́ẹ̀ ni" ni kí o kọ, kí o sì kọ nolo náà bó ṣe wà lórí ìwé.

Ọmọ Mọ́líété
Mo ti kọ ọ́. Ẹ̀dà méjì ni mo gbà, ọ̀kan ti wà lọ́wọ́ lọ́yà, ìkejì wà nínú àpótí pẹ̀lú ìwé ọjọ́ ìbí mi. Kíláàkì náà ní kí n kí "ẹni tó kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń béèrè". Ẹ̀gbọ́n Kíláàkì Tẹ́lẹ̀, wọ́n kí yín o.